Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ẹ ṣe ń fi VR kọ́ni ní èdè Ṣáínà?

Tíṣà_Màndárínì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màndárínì, ìyẹn èdè Ṣáínà, ni mo ń kọ́ àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ìpele kìíní sí èkejì nínú HSK, ìdánwò èdè Ṣáínà, ni wọ́n wà. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan fi awò VR mẹ́rin (awò tí èèyàn ń dè sójú, tó ń jẹ́ kó dà bíi pé ó wà níbòmíràn) ta wá lọ́rẹ, inú mi sì dùn débi pé n kò fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ ọ̀rọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò níbi tí wọ́n ti lè lò ó. Mo rò pé ìṣòro yẹn ti tán nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò rí bí mo ṣe rò. Mo gbé wọn sínú fídíò òpópónà kan ní Beijing, irú èyí tí èèyàn lè yíjú wò yíká. Ìṣẹ́jú 40 ni mo fi sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń gba awò lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n pariwo, wọ́n ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tí mo wá béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí a torí rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó rántí ju mẹ́ta lọ. Òòyì kọ́ àwọn méjì, ọ̀kan sì ní òun kò ní fi nǹkan náà sójú mọ́. Àwọn mẹ́wàá tí awò kò sí lójú wọn jókòó, wọ́n ń wòran.

N kò fẹ́ kí àwọn awò yìí di ohun tí a kó pamọ́ sínú àpótí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń fi í kọ́? Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Kí ni àwọn tó kù ń ṣe? Ti ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí èdè Ṣáínà ní ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ohùn yẹn ló ń ká mi lára jù.

Ìyá_Olùkọ́

Tíṣà, ẹ má sọ̀rètí nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí n tó rí ìdí rẹ̀. Awò yìí kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibi tuntun, ojú rẹ̀ ń jẹun, ojú tó bá sì ń jẹun kì í jẹ́ kí etí gbọ́ nǹkan.

Àwọn olùwádìí náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, Guido Makransky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó lo awò sọ pé ó ṣe àwọn bíi pé àwọn wà níbẹ̀ gan-an ju àwọn tó lo kọ̀ǹpútà lásán lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kọ́ kéré sí ti àwọn yẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí mo fẹ́ràn awò yìí púpọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ wọn fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ àwọn ohun tó máa bá pàdé kó tó wọ awò, ìmọ̀ rẹ̀ a pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Ká ní ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ni mo ń mú, kì í ṣe ogún: mǎi (rà), piào (tíkẹ́ẹ̀tì), zhāng (ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka tíkẹ́ẹ̀tì), jīntiān (òní), míngtiān (ọ̀la), jǐ diǎn (aago mélòó), duōshao qián (èló ni), xièxie (ẹ ṣeun). A ó fi ẹnu sọ wọ́n lọ sọ wọ́n bọ̀ láìsí awò kankan, títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi lè sọ wọ́n láìronú. Níbẹ̀ náà ni mo ti máa ń là á yé wọn pé èdè Ṣáínà kì í ka nǹkan ní tààrà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín òǹkà àti ohun tí à ń kà. Tíkẹ́ẹ̀tì ní zhāng tirẹ̀, ìwé ní běn tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni yì zhāng piào, méjì ni liǎng zhāng, kì í ṣe èr zhāng. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí kó tó wọlé, inú awò kọ́ ni yóò ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà la ó wá wọ awò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje ni mo ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ parí níbẹ̀: ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọ̀la, béèrè aago tí ọkọ̀ máa gbéra, kí o sì wá ọ̀nà jáde. Bí iṣẹ́ kò bá sí, ìran ni wọn yóò máa wò.

Ti àwọn tó kù, ẹ pín àwọn mẹ́rìnlá yẹn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wọ awò, ẹnì kan mú àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìwé, ẹni tó kù ń kọ ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wọ awò kò rí àwòrán ilẹ̀, ẹni tó mú àwòrán ilẹ̀ kò rí ohun tó wà nínú awò. Èdè Ṣáínà nìkan ni afárá tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó mú àwòrán ilẹ̀ á béèrè pé, qiánbian yǒu shénme (kí ló wà níwájú)? Ẹni tó wọ awò á dáhùn, á tún gbọ́ pé wǎng zuǒ guǎi, á yà sí òsì. Tí ó bá gbọ́ zuǒ (òsì) bí yòu (ọ̀tún), ara ògiri ló máa bá ara rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó ti ṣì í gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé.

Ẹ bọ́ awò, kí ẹ sì jókòó bí ìṣẹ́jú ogún láti sọ ohun tí ojú rí. Nǐ kànjiàn le shénme (kí lo rí)? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fo apá yìí torí àkókò ti lọ. Ẹ dákun, ẹ má fò ó. Tí àkókò bá kéré, inú awò ni kí ẹ ti gé e.

Oníṣẹ́_Awò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá. Èmi á mú ti òòyì, torí títún awò ṣe niṣẹ́ mi.

Ohun tó ń fà á ni pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn, apá inú etí tó ń mú wa dúró ṣinṣin sì ń sọ pé ara kò kúrò lójú kan. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń bí èébì. Tíṣà, bí ẹni tó ya fídíò òpópónà yẹn bá ń rìn bó ṣe ń yà á, ohun tó fa ìyọnu nìyẹn. Fídíò tí kámẹ́rà dúró sójú kan ni kí ẹ máa lò. Tó bá jẹ́ áàpù tí èèyàn ti lè rìn, ẹ yan èyí tí wọ́n ń fi ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má yan èyí tó ń yọ́ rìn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga tó ń yí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín dígí méjèèjì inú awò, kó bá ti ojú oníkálukú mu. Quest 2, awò VR tí ilé iṣẹ́ Meta ṣe, fún àpẹẹrẹ ní ibi mẹ́ta tí a lè fi í sí, milimítà 58, 63 àti 68, ọ̀pọ̀ kì í sì í fọwọ́ kàn án rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló tó fún ẹni tó ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yí padà, kó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Fífaradà kì í jẹ́ kó lọ, ṣe ló ń mú un le sí i.

Ẹ má ṣe gbé awò sílẹ̀ síbi tí oòrùn ti lè wọ inú dígí rẹ̀, àní fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí dígí yẹn á kó oòrùn jọ, á sì jó ojú inú rẹ̀. Ẹ nu ibi tó ń kan ojú lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo ní nǹkan bí ìlàjì kílò (Quest 2 jẹ́ gíráàmù 503, Quest 3 jẹ́ 515), ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kó pẹ́ lórí. Kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù yín. Olùkọ́ tí kò rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wò, kí ni yóò fi ràn án lọ́wọ́?

Olóhùn_Mẹ́ta

Ẹ ṣeun, Tíṣà, tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ohùn. Òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá nígbà tí wọ́n bá ń yin VR.

Èdè tiwa fún wa láǹfààní. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò nílò àlàyé pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà. Ẹ sọ fún un pé mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin, mà ni kí a bú èèyàn, kò ní yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn gbẹ́ kòtò méjì sílẹ̀ fún un.

Kòtò kìíní ni àmì. Ìlà tí a ń fà sókè sórí lẹ́tà, ohùn òkè ló jẹ́ fún wa. Nínú pinyin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi lẹ́tà bíi tiwa kọ èdè Ṣáínà, tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní ọdún 1958, àmì yẹn kan náà dúró fún ohùn tó ń gun òkè láti àárín. Ìlà tó tẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ohùn tó já láti òkè pátápátá wá sísàlẹ̀ ni. Ohùn òkè tiwa gan-an, ìlà tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó mọ Yorùbá kà dáadáa bá má nínú pinyin, ó pè é bí "má" tó wà nínú "má lọ", ará Ṣáínà sì gbọ́ mā. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ṣì í kà lójú ara rẹ̀, ìwé tirẹ̀ ló fi kà á. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe mọ àmì ohùn Yorùbá tó ni pinyin ṣe ń dà wọ́n láàmú tó. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì tún sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì.

Kòtò kejì: ohùn tiwa dúró sójú kan, tiwọn ń rìn. Síbẹ̀ tiwa náà máa ń rìn tí méjì bá kọlu ara wọn. Ẹ pe "àlá" kí ẹ fetí sí "lá". Ìsàlẹ̀ ni ó ti gbéra kó tó dé òkè. Ẹ fa "lá" yẹn gùn díẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti yọ "à" iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ ti sún mọ́ ohùn kejì wọn. Ẹ pe "kúrò", "rò" já bọ́ láti òkè. Ẹ dá a dúró, kí ẹ sì jẹ́ kó ti ibi gíga bẹ̀rẹ̀, ohùn kẹrin ń bọ̀ nìyẹn. Ohùn kẹta tí ìwé ń yà bí ẹni pé ó lọ sísàlẹ̀ ó tún gòkè, nínú ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí, ó jọ ohùn ìsàlẹ̀ tiwa. Tí méjì rẹ̀ bá tẹ̀ lé ara wọn, ti iwájú a di ohùn kejì: nǐ hǎo la kọ, ní hǎo là ń pè.

Ibo wá ni VR wọ̀ ọ́? Nínú ọwọ́ ni. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Open Brush, ọ̀fẹ́ ni, ara Tilt Brush tí Google tú sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2021 ni wọ́n ti yọ ọ́. Èèyàn lè fi ọwọ́ ya ìlà sínú afẹ́fẹ́ kí ìlà náà sì dúró níbẹ̀. Mo ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ya ohùn bó ṣe ń pè é: ohùn kìíní jẹ́ ìlà gbọọrọ ní ìwọ̀n iwájú orí, èkejì gbéra láti àyà lọ sí orí, ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀ ìdí, ẹ̀kẹrin já láti orí wá sí ìdí. Ẹnu àti ọwọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì parí pọ̀. Tó bá ya gbólóhùn kan tán, á lè padà sẹ́yìn, á wo orin gbólóhùn yẹn bó ṣe ń lọ sókè sódò níwájú rẹ̀. N kò tíì rí pátákó tó lè ṣe ìyẹn.

Ohun kan tó kù: p. P tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló ń pè é pọ̀. P ti pinyin, ètè nìkan ni, èémí sì ń tú jáde tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ yín á pe piào bí ẹni ń pe "pátá" tí ẹ kò bá ṣọ́ ọ. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu: p gbọ́dọ̀ mì ín, b kò gbọdọ̀ mì ín. Ojúkojú ni kí ẹ ti ṣe èyí, torí àwọn ère inú awò kò fi ètè hàn bó ṣe yẹ. Bákan náà ni q, x, zh àti ü.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olóhùn, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún Tíṣà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá òǹtàwé inú áàpù kan sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Ó ń gbọ́ mi, ó ń dá mi lóhùn, ó ń yìn mí. Mo wá bá ọmọ Ṣáínà gidi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ ra ìwé. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ìwé wo ni mo ń tà. Mài ni mo ti ń pè látọjọ́ yìí, mǎi ló yẹ kí n pè. Ríra di títà lẹ́nu mi, òǹtàwé inú awò kò sì sọ nǹkan kan.

Mo wádìí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ máa ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká láti mọ èyí tí èèyàn ní lọ́kàn. Ó mọ̀ pé ilé ìtàwé la wà, ó mọ̀ pé oníbàárà ni mí, ó sì bá mi tún un ṣe nínú ara rẹ̀ láìsọ fún mi. Inúure rẹ̀ ló pa mí lára. Tíṣà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó ń gbọ́ àwọn ọmọ yín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara gbọ́ wọn.

Ohun tó gbà mí ni Praat, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ohùn èèyàn wò. Ọ̀fẹ́ ni, Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é. Mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo ń gba ti ọmọ Ṣáínà sílẹ̀, ó sì ń ya ìlà ohùn méjèèjì fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ohùn kẹta mi tó ń já bí ẹ̀kẹrin, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ti ń tún un ṣe.

Tíṣà_Màndárínì

Àbúrò, o ṣeun púpọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti so ìlà ohùn yẹn pọ̀ mọ́ ayé inú VR?

Òpìtàn_Ẹ̀rọ

Ó wà, Tíṣà. Ní Rensselaer Polytechnic Institute ní Amẹ́ríkà, àwọn àti IBM kọ́ yàrá kan tí ojú fídíò yí ká. Kò sẹ́ni tó wọ awò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ wọlé, wọ́n bá ara wọn ní òpópónà Beijing, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn inú àwòrán sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì lè fi ìlà ohùn wọn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ onílé. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fi í kọ́ kíláàsì. Ṣáájú ìyẹn, Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ti kọ́ odidi erékùṣù kan sínú Second Life, ayé àfọwọ́ṣe kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tó ń kọ́ èdè Ṣáínà, lórí kọ̀ǹpútà lásán. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé awò nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, àwọn mẹ́wàá tí kò rí awò lò lè wà nínú ìran kan náà.

Fóònù_Nìkan

Àwa tí kò ní awò ńkọ́? Mo ń fi fóònù àti páálí ṣe é. Cardboard tí Google gbé jáde ní 2014, wọn kò tà á mọ́ láti 2021, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gé páálí rẹ̀ ṣì wà fún gbogbo èèyàn. Ọwọ́ kò ní lè ṣe nǹkan nínú rẹ̀, ojú nìkan ni. Ó tó fún "kí lo rí, ibo ló wà": zài shàngbian (ó wà lókè), zài pángbiān (ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́). Tí ẹ bá ń wá àwòrán òpópónà, ẹ rántí pé Street View, àwòrán òpópónà ti Google, kò fi bẹ́ẹ̀ dé inú Ṣáínà. Hong Kong, Macau àti Taiwan ni ẹ máa rí dáadáa. Fídíò tí ń yí ká ni kí ẹ wá fún ìyókù.

Kí ẹ sì má kó gbogbo ẹ̀kọ́ yín sínú áàpù kan. Áàpù kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kógbá wọlé lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ọdún méjì mi bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, lórí ìwé ni mo ti ń kọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe, ọ̀rọ̀ tó máa lò, àti ohun tó máa sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí a bá rí la ó ti ṣe é.

Ìyá_Olùkọ́

Òótọ́ ni ìyẹn, ọmọ mi. Èmi náà tún ní méjì tí mo gbàgbé.

Ẹ má fi awò kọ́ wọn láti kọ hànzì, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Apá á ro wọ́n, afẹ́fẹ́ kì í sì í ti ọwọ́ padà bí ìwé ṣe ń ṣe, torí náà ìlà kò ní dúró síbi tó yẹ. Ìwé àti gègé ló dára fún ìyẹn títí di òní. Kíka hànzì ni kí ẹ fi awò ṣe. Ẹni tó fẹ́ jáde nínú ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ wá 出口 (ọ̀nà àbájáde), kì í ṣe 入口 (ọ̀nà àbáwọlé). Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá 推 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó tì í, tàbí 拉, kó fà á. Ara rẹ̀ ló máa fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí ara bá ti dáhùn kì í tètè sá lọ.

Èkejì ni nín, "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Àwọn tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ wọn máa ń tiraka lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ti ní "ẹ" àti "o". Ẹ fi àgbàlagbà kan sínú ìran, ẹ fi ọmọdé kan sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ẹni tó máa pè ní nín àti ẹni tó máa pè ní nǐ. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé "ẹ" tiwa tún ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, nín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, nǐmen ni.

Onítìjú

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ kí Tíṣà mọ̀ pé àwọn kan wà nínú kíláàsì yín tí kò lè lanu sọ èdè àjèjì níwájú èèyàn. Èmi wà lára wọn. Inú awò ni mo ti kọ́kọ́ sọ odidi gbólóhùn Ṣáínà kan, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń gbé ohun tí à ń ṣe sójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa. Ọ̀tọ̀ ni kí olùkọ́ rí i, ọ̀tọ̀ ni kí gbogbo kíláàsì rí i.

Oníṣẹ́_Awò

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Orí fóònù olùkọ́ nìkan náà la lè gbé e sí. Tíṣà, bí ọmọdé bá tún wà láàárín wọn, ẹ wo ọjọ́ orí tí ẹni tó ṣe awò náà fọwọ́ sí. Fún Quest, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ lò ó, láti 10 sí 12 sì nílò àkáǹtì tí òbí ń bójú tó.

Tíṣà_Màndárínì

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ti Ìyá gẹ́lẹ́. A fi ọjọ́ méjì pè wọ́n láìsí awò, bébà fẹ́lẹ́ níwájú ẹnu gbogbo wa. Mo ya àmì pinyin àti ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pátákó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ké pé, "Áà, ìdí nìyẹn!" Oṣù márùn-ún ló ti fi ń ka má ní ohùn òkè, èmi olùkọ́ rẹ̀ kò sì mọ ibi tó ti ń ṣì í.

Ọjọ́ awò, a jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà. Òòyì kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní òun kò ní fi sójú mọ́ yàn láti di àwòrán ilẹ̀ mú, ó sì darí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì láìṣì ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé awò wá. Onítìjú, mo béèrè lọ́wọ́ wọn bí o ṣe wí. Àwọn mẹ́ta ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n gbé ti àwọn sójú tẹlifíṣọ̀n, n kò sì gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí a bọ́ awò tí a jókòó, mo béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn lọ́wọ́ wọn. Àwọn mẹ́sàn-án rántí gbogbo rẹ̀. Ohùn kò tíì dúró. Mǎi àti mài ṣì ń pààrọ̀ ipò lẹ́nu àwọn mẹ́rin, mo sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi Praat wò ó. Ẹ̀gbọ́n Olóhùn, mo fi Open Brush sórí awò méjì lánàá. Ẹni kìíní tó yà á, ọwọ́ rẹ̀ já láti orí wá sí ìdí bó ṣe ń pe mǎi. Ó dúró, ó wo ìlà tó yà, ó sì pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ kí n tó lanu.

Ọ̀nà ilé ìkàwé la máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Běn ló kàn. Mo ń lọ ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ báyìí.